Táyà méjì, nọ́ńbà kan: ìtàn tó yẹ ká mọ̀ ká tó ra táyà

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nǹkan tí ìwé wà lára rẹ̀ tí a kì í kà: táyà. Ẹni tó bá lọ sí Ìdúmọ̀tà tó ní "ẹ fún mi ní 26" lè gbé táyà tuntun délé kó má wọ kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀. Ẹni tó tà á ò purọ́ o. Ìtàn ló fà á.

Àwa náà wà nínú ìtàn yẹn. Ní 1888, John Boyd Dunlop, dókítà ẹranko ní Belfast, ṣe táyà aláfẹ́fẹ́ fún kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ọmọ rẹ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo ayé fi ń gun kẹ̀kẹ́, wọ́n wá ń wá rọ́bà kiri. Wọ́n dé ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n bá igi ìrẹ́ nínú igbó wa. Ní 1895 nìkan, rọ́bà tó gba èbúté Èkó lọ sókè òkun lé ní mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn. Wọ́n kọ igi náà títí ó fi kú, òwò náà sì wó kí 1900 tó dé. Rọ́bà lọ, táyà ló padà wá bá wa.

Bó ṣe padà wá ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Lára kẹ̀kẹ́, 26 kì í ṣe ìwọ̀n ríìmù. Gbogbo fífẹ̀ táyà, láti etí dé etí, ni wọ́n fi ínǹṣì wọ̀n. Torí náà, táyà tó nípọn àti èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ lè jẹ́ 26 méjèèjì, kí ríìmù wọn má dọ́gba. 26 x 1⅜ ti Gẹ̀ẹ́sì ń wọ ríìmù 590 mìlímítà. 26 x 1.95 ti Amẹ́ríkà ń wọ 559. Bákan náà ni 28: Raleigh gíga tí àwọn bàbá wa ń gùn, 28 x 1½, jẹ́ 635, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ òde òní tí wọ́n ń pè ní 28 jẹ́ 622.

Ti mọ́tò ńkọ́? Lẹ́yìn òmìnira, Dunlop ń ṣe táyà ní Ìkẹjà, Michelin náà ń ṣe tirẹ̀ ní Port Harcourt. Irú ọkọ̀ tó wà nígboro ò pọ̀ nígbà náà. Ìjàpá ń lo 15, Peugeot 504 ń lo 14. Fọgánáísà mọ̀ wọ́n lórí. Michelin kógbá wọlé ní 2007, Dunlop náà dáwọ́ táyà dúró ní 2008. Láti ìgbà yẹn, òkè òkun ni táyà wa ti ń wá, tuntun àti tòkunbọ̀, oríṣiríṣi. Orí fọgánáísà ò lè gbà á mọ́. Ẹ ó fúnra yín kà á ni.

Báyìí ni ẹ ó ṣe kà á. Tí ẹ bá rí 195/65R15: 195 ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà, 65 ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn, R ni pé rédíà ni, 15 ni ríìmù, ní ínǹṣì. Ríìmù yìí ò ṣeé ṣe àdéhùn lé lórí: táyà 15 ò gbọdọ̀ wọ ríìmù 16 láé. Ṣùgbọ́n 205/55R16 lórí ríìmù tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ga bákan náà pẹ̀lú 195/65R15, ìyàtọ̀ wọn ò tó mìlímítà 3. Ìdí nìyẹn tí mọ́tò kan fi lè gba méjèèjì. Ẹ wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀. Èyí tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ má gbà á. Kí ẹsẹ̀ méjì iwájú bára mu, kí méjì ẹ̀yìn náà bára mu.

Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn DOT ni ọjọ́ orí rẹ̀: 2319 ni ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Tòkunbọ̀ lè máa dán kó ti gbó.

Ti kẹ̀kẹ́, ẹ wá nọ́ńbà kékeré bíi 37-590. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn ni ríìmù. Òun ni kí ẹ sọ lọ́jà, ẹ fi 26 sílẹ̀.

Táyà tí kò bára mu kì í sọ̀rọ̀ ní Ìdúmọ̀tà. Orí afárá Third Mainland ló ti ń sọ ọ́, nígbà tí eré ti pọ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ yín tó ń wakọ̀ o.