Òwò Aláró ní Ẹdẹ àti Agbègbè Rẹ̀

Kí ojú irin tó gba Ẹdẹ kọjá dé Òṣogbo ní 1907, kò sí ẹni tí ń bi aláró léèrè ibi tí aró rẹ̀ ti wá. Ojú gbogbo ènìyàn ni ó ti ń ṣẹlẹ̀. Inú igbó tí kò jìnnà ni a ti ń já ewé ẹ̀lú; igi tí a dá ní ààrò ni eérú rẹ̀ ń di omi aró; òwú tí àwọn obìnrin ilé ràn ni a fi ń hun aṣọ tí a ń rẹ. Bí aṣọ kan bá ṣá láìtọ́jọ́, ẹni tí ó ni ín mọ ojúlé tí yóò gbé e padà sí. Lóde òní, àwọn oníṣòwò aṣọ káàkiri ayé ti wá ń sọ ọ́ pé ó yẹ kí ẹni tí ó wọ aṣọ mọ ẹni tí ó ṣe é, kí aṣọ pẹ́ lára, kí rírẹ rẹ̀ má sì ba omi àti ilẹ̀ jẹ́. Wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni pé ohun tuntun ni. Ìtàn àwọn aláró ilẹ̀ Yorùbá fi hàn pé ó ti wà rí, pé owó kékeré kọ́ ni ó ń náni, àti pé àwọn tí wọ́n ṣe làálàá rẹ̀ kọ́ ni wọ́n jèrè rẹ̀ nígbà gbogbo.

Ẹ̀bá odò Ọ̀ṣun ni Ẹdẹ wà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé láti Ọ̀yọ́ ni Aláàfin ti rán Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná wá láti máa ṣọ́ ọ̀nà náà, kí àwọn onísùnmọ̀mí má baà máa da àwọn èrò ọjà láàmú. Láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òwò ti wé mọ́ ọ̀rọ̀ ìlú náà. Ní ti aró, odò tí ó yí wọn ká ni a fi ń pìtàn rẹ̀. Nígbà tí Láròóyè àti Olútìmẹ́hìn ń tẹ Òṣogbo dó, igi tí wọ́n gé wó sínú odò, ohùn kan sì ké láti inú omi pé wọ́n ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró òun. Aláró ni Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìtàn yìí ti wí. Ìyá Màpó ni àwọn aláró mìíràn ń bọ, òun kan náà tí àwọn amọ̀kòkò ń bọ. Kò sì yani lẹ́nu, nítorí pé láìsí ìkòkò kò sí aró.

Iṣẹ́ aró kì í ṣe iṣẹ́ ìkánjú. Ewé ẹ̀lú tútù ni a ń gún nínú odó, tí a ń ṣù, tí a sì ń sá sí oòrùn kí ó gbẹ. Ẹ̀lú ṣíṣù yìí ni ọ̀pọ̀ aláró ń rà lọ́jà, nítorí pé ẹni tí ń já ewé lè máà jẹ́ ẹni tí ń rẹ aṣọ. Ìkòkò méjì ni a ń gbé lé ara wọn. Ti òkè ní ihò nídìí. Inú ti òkè ni a ń kó eérú sí, a ó da omi lé e, omi náà yóò sì máa ro díẹ̀díẹ̀ sínú ti ìsàlẹ̀. Omi eérú yìí, tí ó máa ń jẹ ọwọ́, ni a ó dà lé ẹ̀lú nínú ìkòkò mìíràn. A ó dé e, a ó fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi kan. Imú ni àgbà aláró fi ń mọ̀ pé ó ti tó. Ẹlòmíràn a fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Bí a bá ki aṣọ bọ inú rẹ̀ tí a sì yọ ọ́, àwọ̀ ewé ni yóò kọ́kọ́ ní. Atẹ́gùn ni ó ń sọ ọ́ di aró. Ìdí nìyí tí a fi ń rì í, tí a ń sá a, tí a tún ń rì í, títí yóò fi dúdú bí ẹtù. Ẹni tí kò bá lè dúró de atẹ́gùn, kí ó lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Ohun kan wà tí àwọn tí ń kọ̀wé nípa ẹwà àdìrẹ kì í sábà tẹnu mọ́: títún ògbólógbòó aṣọ rẹ jẹ́ apá pàtàkì nínú iṣẹ́ aláró. Aṣọ tí ó ti ṣá, tàbí tí epo ti ta sí, kì í ṣe aṣọ àsọnù. Aláró ni a ń gbé e lọ bá. Kíjìpá tí àwọn obìnrin ń hun lórí òfì tí a gbé ti ògiri nínú ilé lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ fi lè jogún rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá. Bí ó ti ń dàgbà ni aró rẹ̀ ń ki sí i. Nígbà tí ó bá ya tán, yóò di ọ̀já, lẹ́yìn èyí ìlédìí, kí ó tó di àkísà. Aláró nígbà náà kì í kàn ṣe ẹni tí ń ta aṣọ titun. Bí aṣọ bá ṣe pẹ́ tó lára oníbàárà ni owó rẹ̀ ṣe ń wọlé tó. Kò pọ̀ nínú àwọn òwò ayé òde òní tí a lè sọ irú èyí nípa wọn.

Síbẹ̀, kò yẹ kí a kun ayé àtijọ́ ní ẹfun. Àwọn ọmọbìnrin ilé àti àwọn ìwọ̀fà ni wọ́n ń pọn omi, tí wọ́n ń sun eérú, tí wọ́n ń gún ẹ̀lú, láìgba kọ́bọ̀. Ẹ̀lú kò ba odò jẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ aláró kì í mọ́, awọ rẹ̀ a sì máa bó.

Nígbà tí òyìnbó dé, òwú ni ojú wọn kọ́kọ́ wà lára. Ní 1902 ni àwọn oníṣòwò òwú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ pé kí a máa gbin òwú ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso, kí àwọn ilé iṣẹ́ Lancashire lè rí òwú hun. Ilẹ̀ Yorùbá wà lára ibi tí wọ́n fojú sí. Èrò wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ṣẹ. Àwọn ahunṣọ ilé ń ra òwú náà lọ́wọ́ àgbẹ̀, kòkó sì ń mówó wọlé jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú irin kò rí kó lọ tó, ó kó òmíràn wá: aṣọ funfun láti Manchester, tí ó fẹ́lẹ́, tí ó sì pọ́n ju kíjìpá lọ.

Lórí aṣọ funfun yìí ni àdìrẹ ti gbilẹ̀. Kíjìpá nípọn jù fún iṣẹ́ ọnà wẹ́wẹ́. Aṣọ òyìnbó ni a lè fi ìko dì tàbí kí a fi abẹ́rẹ́ rán kó yọ dáadáa. Lórí rẹ̀ náà ni àwọn obìnrin ti ń fi ìyẹ́ adìẹ ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ, tí wọ́n ń fi láfún sè. Ọdún ogójì àkọ́kọ́ nínú ọ̀rúndún ogún ni iṣẹ́ yìí gbayì jù. Bí wọ́n ti kọ́ Gbọ̀ngàn Màpó parí ní Ìbàdàn ní 1929 ni àwọn òpó rẹ̀ ti wọnú aṣọ tí a ń pè ní Ìbàdàndùn, ayẹyẹ ọdún kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n Ọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1935 náà sì di ọnà lára aṣọ. Àwọn aláró mọ ohun tí ń lọ láyé.

Láti Iléṣà ní tòsí Ẹdẹ ni àwọn òṣómàáló náà ti ń gbé aṣọ àwìn káàkiri, tí wọ́n ń lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi sanwó. Ẹni tí kò lówó aṣọ titun lọ́wọ́ ti lè ní aṣọ titun lọ́rùn, kò sì fi dandan gbé ti àná lọ fún aláró mọ́.

Wàhálà tí ó tóbi jù wá láti inú ìkòkò fúnra rẹ̀. Ní 1897 ni ilé iṣẹ́ BASF ní Jámánì gbé aró àtọwọ́dá jáde sí ọjà. Nígbà tí ó dé ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú sódà líle tí ó gba ipò omi eérú, ohun tí ń gba ọjọ́ mélòó kan di ohun tí a lè ṣe láàárín wákàtí díẹ̀. Obìnrin tí kò ní ìyálé tí yóò kọ́ ọ níṣẹ́ lè di aláró. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ìwọ̀n sódà yóò jó aṣọ mọ́ra. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé aṣọ Abẹ́òkúta ń ya, àti pé aró rẹ̀ ń ṣí. Aláké Adémọ́lá Kejì fi òfin dè sódà àti aró òyìnbó, ó ní kí gbogbo aláró padà sí ẹ̀lú. Àwọn obìnrin náà kò gbà. Wọ́n gba agbẹjọ́rò, ní 1936 a sì gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Òfin náà kò lè dúró.

Ọ̀rọ̀ yìí tọ́ sí àgbéyẹ̀wò ju bí a ti ń ṣe é lọ, nítorí pé òun gan-an ni àríyànjiyàn tí ayé tún ń ṣe lónìí. Bí a bá wo òde rẹ̀, Aláké ni ó gbèjà aṣọ rere. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ru ẹrù rẹ̀? Ọjà ti kú nígbà náà nítorí ọ̀dá owó tí ó bo gbogbo ayé láti 1929. Owó aṣọ funfun kò rọ̀, gbèsè ilé ìtajà òyìnbó sì wà lọ́rùn àwọn obìnrin. Láti sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kí ó padà sí iṣẹ́ ọlọ́jọ́ gbọọrọ, láìfi kọ́bọ̀ kún owó aṣọ rẹ̀, rọrùn fún ẹni tí ó jókòó ní ààfin. Ẹ̀bi sódà kò sí lọ́wọ́ ẹni tí ó lò ó nìkan. Ó wà lọ́wọ́ ẹni tí ń na aṣọ náà ní pọ́ọ́kú pẹ̀lú. Kò tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn èyí tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ṣáájú, fi tìtorí owó orí dìde sí Aláké kan náà, tí ó sì fi ìlú sílẹ̀ ní 1948.

Ní Ẹdẹ, nǹkan gba ọ̀nà mìíràn. Láyé Tìmì John Adétóyèṣe Láoyè, ọba onílù tí ó jọba láti 1946 sí 1975, ni Ulli Beier àti Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria, wá gbé ìlú náà. Àìsàn líle ti ṣe Wenger. Ajagẹmọ, olórí àwọn olórìṣà Ọbàtálá ní Ẹdẹ, ni ó tẹ́wọ́ gbà á tí ó sì mú un wọnú awo. Àwọn ọmọ Ọbàtálá kò ń wọ aṣọ aró: àlà funfun ni tiwọn. Síbẹ̀ obìnrin yìí kọ́ ọgbọ́n àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ó sì fi láfún àti aró ya àwọn òrìṣà sórí aṣọ ńláńlá. Láti ìgbà náà ni aṣọ tí àwọn ọ̀làjú ilẹ̀ wa ti ń kà sí aṣọ aláìní ti di ohun tí a ń gbé kọ́ sára ògiri nílẹ̀ òkèèrè. Òṣogbo ni ó ti kú ní 2009.

Láàárín àkókò yìí, kàmpálà ti gba òde. Wọ́n ní láti inú ìpàdé àlàáfíà tí a ṣe ní Kampala ní 1968, nígbà ogun abẹ́lé, ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Àbẹ́là àti aró òyìnbó olóríṣiríṣi àwọ̀ ni a fi ń ṣe é, ó yá, ó sì ń dán. Ẹ̀lú fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun ìtàn. Ẹni tí ó fà á padà ni Níkẹ̀ẹ́ Òkúndayé, tí a bí ní Ògìdì ní 1951, tí ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1983, níbi tí ó ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ aró láìgbowó. Èyí tó iyì fún un, nítorí pé ìyá aláró àtijọ́ kì í fi ọgbọ́n rẹ̀ han ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilé.

Ilé iṣẹ́ ìhunṣọ Kaduna tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1957 ti ilẹ̀kùn ní 2002, púpọ̀ nínú àwọn yòókù sì tẹ̀lé e. Àǹkárá tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà, tí ó jí ọnà àdìrẹ wò, kún ọjà. Òfin Nàìjíríà ka àlòkù aṣọ mọ́ ohun tí a kò gbọdọ̀ kó wọlé, síbẹ̀ kò sí ọjà tí bọ́síkọ̀rọ̀ kò sí. Ní oṣù kẹrin 2013, ilé alájà púpọ̀ kan tí a ń pè ní Rana Plaza wó ní Bangladesh, ó sì pa àwọn òṣìṣẹ́ aránṣọ tí ó lé ní 1,100. Ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ẹni tí ó rán ẹ̀wù wọn. Ọ̀rọ̀ náà dé ilẹ̀ wa pẹ̀lú. Àfihàn aṣọ ti Èkó tí Ọmọ́yẹmí Akérélé dá sílẹ̀ ní 2011 gba ẹ̀bùn Earthshot ní 2025 nítorí ìlàkàkà rẹ̀ láti dín aṣọ àdànù kù.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe irú òwò bẹ́ẹ̀ ní Ẹdẹ lónìí kò ní ṣaláìrí oníbàárà. Ilé ẹ̀kọ́ gíga oníṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba àpapọ̀ wà níbẹ̀, Yunifásítì Adélékè àti ti Redeemer's sì wà níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ sì fẹ́ràn àdìrẹ. Aṣọ ẹbí ni ọ̀tá rẹ̀ gidi: aṣọ tí a rà fún ọjọ́ kan, tí a kò sì ní wọ̀ dé òde mìíràn mọ́ kí a má baà sọ pé a kò ní òmíràn. Aláró tí ń lo ẹ̀lú kò lè bá ìyára irú ọjà yẹn dọ́gba. Ohun tí ó lè ṣe ni èyí tí àwọn ìyá àtijọ́ ń ṣe: kí ó gbé owó tí ó tọ́ lé aṣọ rẹ̀, kí ó sì sọ fún ẹni tí ó rà á pé kí ó gbé e padà wá fún àtúnrẹ nígbà tí ó bá ṣá. Àwọn kan ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n sì ń pè é ní ọgbọ́n titun.

Omi ni ó kù. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo wọnú ìwé àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní 2005, ṣùgbọ́n àwọn tí ń wa wúrà ní ìhà Iléṣà ti sọ omi odò náà di pípọ́n bí ẹrẹ̀. Ní 2022 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn olùsìn pé kí wọ́n má mu ún. Láti apá òkè ni omi náà ti ń ṣàn wá sí Òṣogbo, ibẹ̀ ni ó sì gbà dé Ẹdẹ.