Ilẹ̀ Ni Wọ́n Fi Sílẹ̀, Wọn Kò Fi Ẹja Sílẹ̀

 

Ìtàn tí a mú wá lónìí jìnnà sí ilé, ṣùgbọ́n èdè Faransé tí wọ́n fi kọ́ wa níwèé ni yóò ṣílẹ̀kùn rẹ̀ fún wa. Ẹja kan wà nínú àwọn adágún Amẹ́ríkà àti Kánádà tí àwọn Faransé Kánádà ń pè ní maskinongé. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì gé orúkọ náà kúrú, wọ́n ń pè é ní muskie. Àwọn kan ní inú èdè Faransé ni orúkọ yìí ti wá, wọ́n ní masque allongé ni, ìyẹn ìbòjú tó gùn, nítorí pé ẹnu ẹja náà gùn síwájú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú èdè àwọn Ojibwe àti àwọn ìbátan wọn, tí wọ́n ti wà létí omi náà kí òyìnbó tó dé, ni ó ti wá. Maashkinoozhe ni àwọn Ojibwe ń pè é. Ginoozhe ni wọ́n ń pe brochet, tí í ṣe ìbátan ẹja náà. Ẹni tó ti ń pa ẹja jẹ tipẹ́tipẹ́ ló sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn Faransé kàn gbọ́ ọ, wọ́n sì kọ ọ́ bí etí wọn ṣe gbọ́ ọ.

Ẹja ńlá ni muskie. Ó lè gùn ju mítà kan lọ, eyín rẹ̀ mú bí abẹ. Ó máa ń dúró jẹ́ẹ́ láàárín koríko inú omi títí ẹja mìíràn yóò fi kọjá, á sì gbé e mì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ṣòro mú débi pé àwọn tó ń fi ìwọ̀ pẹja ń sọ pé ẹja tí ènìyàn máa ju ìwọ̀ sí nígbà 10,000 kó tó gbé e ni. Apá àríwá ìpínlẹ̀ Wisconsin, ní Amẹ́ríkà, wà lára ibi tó ti lókìkí jù. Adágún pọ̀ níbẹ̀ bí ẹni da omi sílẹ̀, àwọn mìíràn sì so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn, tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi lè ti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì. Ọ̀kan nínú irú okùn adágún bẹ́ẹ̀ ni Lac du Flambeau, tí ó ní adágún mẹ́wàá.

Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa. Flambeau, ògùṣọ̀. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Nígbà tí àwọn Faransé tó ń ṣòwò awọ ẹran débẹ̀, iná ni wọ́n rí lórí omi lóru. Àwọn Ojibwe ni wọ́n wà nínú ọkọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, tí wọ́n gbé ògùṣọ̀ tí wọ́n fi èèpo igi bouleau ṣe síwájú, tí wọ́n ń fi ọ̀kọ̀ gún ẹja. Ní ìgbà ìrúwé, tí yìnyín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́, ẹja máa ń wá sí etí omi láti yé ẹyin, ìmọ́lẹ̀ á sì máa tàn lójú wọn. Waaswaaganing ni àwọn onílé fúnra wọn ń pe ibẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ náà kò sì yàtọ̀: ibi tí wọ́n ti ń fi ògùṣọ̀ pẹja. Bí òtútù bá tún mú kí omi dì, wọn á lu ihò sójú yìnyín, wọn á bo orí ara wọn kí òkùnkùn lè ṣú, wọn á sì so ẹja tí wọ́n fi igi gbẹ́ sínú omi. Bí muskie bá wá wo ẹja igi yìí, ọ̀kọ̀ á bá a.

Nígbà tó yá, ìjọba Amẹ́ríkà fẹ́ igi pákó tó wà nínú igbó wọn, ó sì fẹ́ bàbà tó wà nínú ilẹ̀ wọn. Ní 1837 àti 1842, àwọn olórí Ojibwe fọwọ́ sí ìwé àdéhùn méjì, wọ́n fi ilẹ̀ tó pọ̀ gan-an sílẹ̀ fún ìjọba. Ṣùgbọ́n wọn kò fi ohun gbogbo sílẹ̀. Wọ́n ní kí a kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn yóò máa ṣọdẹ, àwọn yóò máa pẹja, àwọn yóò sì máa kó ìrẹsì inú omi lórí ilẹ̀ tí àwọn fi sílẹ̀ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé gbólóhùn yìí, torí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé.

Ní 1850, Ààrẹ Zachary Taylor pàṣẹ pé kí wọ́n kó kúrò. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gbé ibi tí wọ́n ti ń san owó ọdọọdún fún wọn lọ sí Sandy Lake, ní Minnesota, nígbà tí òtútù ti ń bọ̀. Owó kò tètè dé, oúnjẹ tó wà níbẹ̀ ti bàjẹ́. Àìsàn, ebi àti òtútù pa bíi 400 ènìyàn, níbẹ̀ àti lójú ọ̀nà ilé. Bàbá arúgbó kan tó jẹ́ olórí wọn, Kechewaishke, tí òyìnbó ń pè ní Buffalo, tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, gbéra lọ sí Washington ní 1852, ó rí Ààrẹ Millard Fillmore, àṣẹ náà sì dúró. Ní 1854, wọ́n ya àwọn ilẹ̀ kan sọ́tọ̀ fún wọn títí láé. Lac du Flambeau àti Lac Courte Oreilles wà lára wọn.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ni ìwé nìkan kọ́ ló ni agbára. Ní 1908, ilé-ẹjọ́ gíga jù ní Wisconsin sọ pé láti ọjọ́ tí Wisconsin ti di ìpínlẹ̀, ní 1848, ẹ̀tọ́ ìpẹja yẹn ti parẹ́. Láti ìgbà náà, bí Ojibwe kan bá ju ọ̀kọ̀ sómi ní ìta ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún wọn, ọ̀daràn ni lójú òfin. Lákòókò kan náà ni ọkọ̀ ojú irin ń kó àwọn olówó wá láti Chicago àti Milwaukee, kí wọ́n wá fi ìwọ̀ dẹ muskie. Ta ló ń fi ibi tí ẹja wà hàn wọ́n? Àwọn ọkùnrin Ojibwe ni. Wọ́n ń wa ọkọ̀ fún àlejò lórí omi tí òfin kò jẹ́ kí àwọn fúnra wọn pẹja bí bàbá wọn ṣe pa á.

Ní 1923, ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná kan sé odò Chippewa nítòsí ìlú Winter. Àwọn ará Lac Courte Oreilles ti sọ pé àwọn kò fẹ́. Omi kún, ó bo abúlé Pahquahwong, ó bo sàréè àwọn baba ńlá wọn, ó bo ìrẹsì inú omi tí wọ́n fi ń jẹun. Adágún mọ́kànlá di omi kan ṣoṣo, tó fẹ̀ tó bíi hẹ́kítà 6,000, wọ́n sì sọ ọ́ ní Chippewa Flowage. Muskie dàgbà nínú rẹ̀. Ní 1949, Louis Spray mú ọ̀kan níbẹ̀ tó wọn kílò 31.6. Lọ́dún yẹn kan náà, Cal Johnson mú òmíràn ní Lac Courte Oreilles tó wọn kílò 30.6. Títí di òní, àwọn olólùfẹ́ ẹja yìí ṣì ń jiyàn lórí èyí tó yẹ kó gba ipò kìíní láyé. Ní 1955, Wisconsin sọ muskie di ẹja àmì ìpínlẹ̀ rẹ̀. Ẹja ti di ọlọ́lá, àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ kò sì ní àyè láti pa á.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ní oṣù kẹta ọdún 1974, wọ́n mú ọmọ ìyá méjì láti Lac Courte Oreilles, Fred àti Mike Tribble, nítorí pé wọ́n fi ọ̀kọ̀ gún ẹja lójú yìnyín ní Chief Lake, nínú Chippewa Flowage yẹn gan-an. Ẹ̀yà wọn gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ pàdánù ní 1978. Ní ọjọ́ 25 oṣù kìíní ọdún 1983, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá wọn láre: ẹ̀tọ́ tí àwọn baba wọn kọ sínú ìwé kò kú rí.

A lè rò pé ọ̀rọ̀ parí níbẹ̀. Kò parí. Nígbà tí wọ́n gbé iná àti ọ̀kọ̀ padà sórí omi nígbà ìrúwé, ní pàtàkì láti pa ẹja tí Faransé Kánádà ń pè ní doré, àti muskie díẹ̀, èrò wá ń dúró dè wọ́n ní èbúté lóru. Wọ́n ń bú wọn, wọ́n ń sọ òkò lù wọ́n, wọ́n kọ ọ sára pátákó pé ènìyàn ni kí a gún kí ẹja lè yè. Àwọn ará Lac du Flambeau ló rí èyí tó burú jù nínú rẹ̀. Ní 1989, ìjọba ìpínlẹ̀ bá wọn dúnàádúrà: bíi mílíọ̀nù 50 dọ́là, kí wọ́n fi ọ̀kọ̀ sílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Aláìní pọ̀ láàárín wọn. Wọ́n dìbò. Àwọn tó sọ pé rárá ló pọ̀ jù.

Ẹ̀rù tí àwọn èrò èbúté ń sọ pé ó ń ba àwọn ni pé ẹja máa tán. Ní 1991, àwọn onímọ̀ ẹja láti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti àwọn ẹ̀yà náà jọ yẹ àwọn adágún wò, wọ́n sì rí i pé ọ̀kọ̀ kò pa ẹja run. Ẹja kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá gún ni wọ́n ń kà ní èbúté. Àwọn ará Lac du Flambeau tún ní ibi tí wọ́n ti ń sin ọmọ ẹja, doré àti muskie, tí wọ́n ń dà sínú omi tí gbogbo ènìyàn ti ń pẹja. Lọ́dún 1991 kan náà ni ẹjọ́ náà parí. Ẹnì kankan kò pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn mọ́.

Ohun tí ó yẹ kí a rí kọ́ rèé. Láti 1905 ni ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ nínú ẹjọ́ ẹ̀yà mìíràn, pé àdéhùn kì í ṣe ẹ̀bùn tí ìjọba fún àwọn onílẹ̀. Àwọn onílẹ̀ ló fún ìjọba ní nǹkan, ohun tí wọn kò bá sì fún un, tiwọn ni. Ẹni tó ta oko rẹ̀, tó sì sọ níwájú ẹlẹ́rìí pé òun kò ta igi ọ̀pẹ inú rẹ̀, òun ló ni ọ̀pẹ.

Àwa ńkọ́? Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé kan nípa ààlà tó gba àárín ilẹ̀ wa kọjá. Ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọba wa kò sí níbẹ̀ tí ì bá sọ pé: èyí ni a fi sílẹ̀, èyí ni a kò fi sílẹ̀. Ìdí nìyí tí èdè, orúkọ odò àti orúkọ igbó fi ṣe pàtàkì fún wa ju bí a ti rò lọ. Ó lè jẹ́ pé àwọn nìkan ni ẹlẹ́rìí tó kù fún wa.

Ẹ̀yin ará, odò tàbí adágún wo ló wà lágbègbè yín tí ó ní orúkọ méjì, ti àwọn àgbà àti ti inú ìwé ìjọba? Ẹ bi àwọn bàbá àti ìyá wa léèrè ìtumọ̀ ti àkọ́kọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún wa.