Ìwọ̀n Orin Gẹ̀ẹ́sì àti Ohùn Yorùbá

Nínú àwọn orin ìsìn tí àwọn Òyìnbó mú dé ilẹ̀ wa, díẹ̀ ni ètò rẹ̀ rọrùn láti tú wò bí ti "Amazing Grace." John Newton li ó kọ ọ́, ẹni tí ó ti ṣe ọ̀gá ọkọ̀ òkun tí ń kó ẹrú láti etí òkun Áfríkà láti ọdún 1750 sí 1754, kí ó tó di àlùfáà ní Olney li ọdún 1764. A tẹ̀ ẹ́ jáde li ọdún 1779.

Ẹ jẹ́ kí a wọ̀n ọ́n. Ìlà mẹ́rin li ó wà nínú ẹsẹ kọ̀ọ̀kan. Ìlà kìíní ní sílébù 8, ìkejì 6, ìkẹta 8, ìkẹrin 6. Ìró tí ó fúyẹ́ a ṣáájú, èyí tí ó wúwo a tẹ̀lé e, bí ìgbà tí a gbé ọmọ odó sókè tí a sì sọ ọ́ kalẹ̀. Ìparí ìlà kìíní bá ti ìkẹta dún, ti ìkejì sì bá ti ìkẹrin dún. Nítorí pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin li ó ní ìwọ̀n kan náà yìí, ohùn orin kan lè sin gbogbo wọn. Ohùn tí a mọ̀ mọ́ orin Newton lónìí kò tilẹ̀ bá a pàdé títí di ọdún 1835, ní Amẹ́ríkà.

Kí ni a lè rù nínú gbogbo èyí wá sí èdè Yorùbá? Iye sílébù nìkan ni. Àwa kò ní ìró wíwúwo àti fífúyẹ́. Òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ni tiwa. Ní ti ìparí ìlà tí ó dún bákan náà, fáwẹ̀lì li ó fẹ́rẹ̀ẹ́ parí gbogbo sílébù wa: ohun tí ó pọ̀ nílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè di ọ̀ṣọ́. Akéwì wa a sọ ọ̀rọ̀ kan, a tún un sọ ní ìlà kejì pẹ̀lú ìyípadà díẹ̀, a sì fi ohùn òkè dojú kọ ohùn ìsàlẹ̀. Níbẹ̀ li adùn wà.

Àwọn tí ó túmọ̀ orin fi iye sílébù ṣáájú, kí ó lè bá ohùn Òyìnbó mu. Ohùn ọ̀rọ̀ li ó jìyà rẹ̀. Bí orin bá gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ gbé sọ̀kalẹ̀, ọkọ̀ di ọkọ́. Bí ó bá dúró lójú kan, ó di ọkọ. Ẹni tí kò mú ìwé orin lọ́wọ́ kò mọ ohun tí ìjọ ń wí. Ọ̀ràn yìí kì í ṣe kékeré, nítorí láti inú orin ni púpọ̀ nínú àwọn baba wa tí kò mọ̀wé ti kọ́ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́.

Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, tí ó kú li ọdún 1930, gba ọ̀nà mìíràn: ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ṣáájú, kí ohùn orin sì tẹ̀lé e. Li ọdún 1922 ó kọ púpọ̀ nínú àwọn orin rẹ̀ sínú àwo ní London. T. K. E. Phillips, tí ó tẹ dùùrù ní Christ Church, Èkó, sì kọ ìwé lórí orin Yorùbá tí ó jáde li ọdún 1953. Nínú irú orin bẹ́ẹ̀, ìlà kan lè gùn, èkejì lè kúrú. Akọrin kò ka sílébù mọ́.