Ẹ̀kọ́ṣẹ́ àti Òmìnira: Ìtàn Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Àwọn Olùtọ́jú ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti Ọdún 1943

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọjọ́ tí ọmọọṣẹ́ bá gba òmìnira ni ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀ parí. Ọ̀gá yóò gbàdúrà fún un lójú àwọn òbí àti ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, iṣẹ́ ti di tirẹ̀: ó lè dá ìsọ̀ sílẹ̀ níbi tó bá wù ú, òun náà sì lè gba ọmọọṣẹ́. Ohun tí ayẹyẹ náà ń fi hàn ni pé ìmọ̀ ti kúrò ní ìkáwọ́ ọ̀gá, ó ti di ohun ìní ẹni tó kọ́ ọ. Èrò yìí wúlò púpọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ lóye ìtàn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún iṣẹ́ ìtọ́jú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ tí àwọn ọmọ Yorùbá ti ń ṣe níbẹ̀ láti ìran dé ìran. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń padà wá nínú ìtàn náà: nígbà tí ẹ̀kọ́ bá parí, ta ló ni ín?

Òfin ọdún 1919 ló dá ìwé orúkọ ìjọba sílẹ̀ fún àwọn nọ́ọ̀sì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wéésì. Ẹni tó bá fẹ́ kí orúkọ òun wọ inú rẹ̀ yóò kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́ta ní ilé ìwòsàn, yóò sì yege nínú ìdánwò ìjọba. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, irú àwọn nọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ kò tó rárá. Ọ̀pọ̀ obìnrin tí orúkọ wọn kò sí níbì kankan ló ń tọ́jú aláìsàn àti arúgbó. Òfin ọdún 1943 wá ṣí ìwé kejì fún wọn, ó sì pè wọ́n ní amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọdún méjì ni ẹ̀kọ́ tiwọn, lẹ́bàá ibùsùn aláìsàn ni wọ́n sì ti ń kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní ọdún 1961, òfin mìíràn sọ wọ́n ní State Enrolled Nurse, èyí tí gbogbo ènìyàn ń gé kúrú sí SEN. Àwọn ti ìwé kìíní ni à ń pè ní SRN.

Báyìí ni ilẹ̀kùn iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ṣe di méjì, ilẹ̀kùn tí ènìyàn bá sì gbà wọlé ló ń sọ ibi tí yóò lè jáde sí. Kòfowórọlá Àbẹ̀ní Pratt gba ti àkọ́kọ́. Èkó ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1915, ó sì ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ kí ó tó wọ ilé ẹ̀kọ́ Nightingale ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní London ní ọdún 1946. Ó di SRN ní ọdún 1950. Nígbà tó padà sílé, ìwé ẹ̀rí náà bá a wọlé: ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ mátíróònù ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, ó di ọ̀gá pátápátá fún àwọn nọ́ọ̀sì ìjọba àpapọ̀, ó sì tún ṣe Kọmíṣọ́nnà fún ètò ìlera ní ìpínlẹ̀ Èkó.

Ọ̀nà kò là báyìí fún ọ̀pọ̀ àwọn tó tẹ̀ lé e. Láti ìgbà tí ètò ìlera NHS ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1948, ó ń wá òṣìṣẹ́ káàkiri àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀rí tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ẹnu ara wọn jẹ́ fi hàn pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọbìnrin láti Caribbean àti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n darí sí ẹ̀kọ́ SEN láìṣàlàyé ìyàtọ̀ fún wọn, títí kan àwọn tí ìwé wọn tó fún ẹ̀kọ́ SRN. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lórí wọ́ọ̀dù lè jọra, ṣùgbọ́n SEN kò lè di sístà tó ń ṣàkóso wọ́ọ̀dù. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti wá, wọn kò ka ìwé ẹ̀rí náà sí ti nọ́ọ̀sì. Ẹni tó ti ń gbèrò àtipadà sílé lẹ́yìn ọdún díẹ̀ wá rí i pé inú ìlú tí òun ti kọ́ṣẹ́ nìkan ni iṣẹ́ òun ti ní orúkọ.

Ètò tí wọ́n ń pè ní Project 2000, tí ìjọba tẹ́wọ́ gbà ní ọdún 1988, ló mú kí ẹ̀kọ́ SEN kásẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n wíwẹ aláìsàn, bíbọ́ ẹni tí kò lè bọ́ ara rẹ̀ àti jíjókòó ti arúgbó tó ń bẹ̀rù òru kò kásẹ̀ nílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ọwọ́ àwọn olùrànlọ́wọ́ tí kò sí nínú ìwé orúkọ kankan ni iṣẹ́ náà bọ́ sí. Òfin ọdún 1990 lórí ìtọ́jú láàárín ìlú, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kíkún ní oṣù Kẹrin ọdún 1993, tún mú kí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà kúrò lọ́wọ́ ìjọba. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e fún àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni.

Fún àwọn olùtọ́jú tuntun yìí, ìwé ẹ̀rí NVQ ni ọ̀nà tó wà. Kò sí gbọ̀ngàn ìdánwò: olùyẹ̀wò yóò wá síbi iṣẹ́, yóò wo bí òṣìṣẹ́ ṣe ń ṣe é, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí sún mọ́ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yorùbá, nítorí ọwọ́ ló ń jẹ́rìí. Ó fún ọ̀pọ̀ obìnrin tó ti ń ṣiṣẹ́ láìní ìwé ní orúkọ fún ohun tí wọ́n mọ̀. Lẹ́yìn òfin ọdún 2000 lórí ìlànà ìtọ́jú, ìjọba fẹ́ kí ìdajì àwọn olùtọ́jú ní ilé àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan ní NVQ ìpele kejì títí di ọdún 2005.

Ní ọdún 2013, lẹ́yìn ìwádìí nípa ìyà tó jẹ àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn Stafford, Camilla Cavendish yẹ ipò àwọn olùtọ́jú wò fún ìjọba. Nínú ìmọ̀ràn rẹ̀ ni Care Certificate ti jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, pẹ̀lú ìlànà 15. Èrò náà dára: kí olùtọ́jú lè gbé ẹ̀rí rẹ̀ láti ibi iṣẹ́ kan dé òmíràn. Ṣùgbọ́n agbanisíṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń fọwọ́ sí i, kò sì sí àjọ kan lóde tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ kò gba ti ẹnìkejì gbọ́, olùtọ́jú yóò sì tún ẹ̀kọ́ kan náà kọ́. Ọdún 2024 ni ìjọba tó gbé ìwé ẹ̀rí ìpele kejì kan jáde láti tún èyí ṣe. Skọ́tílándì, Wéésì àti Àríwá Áyálándì ní ìwé orúkọ fún àwọn olùtọ́jú; ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní.

Àárín ìlànà yìí ni àwọn tó gba físà dé bá ara wọn. Ní oṣù Kejì ọdún 2022 ni físà ìlera àti ìtọ́jú ṣí sílẹ̀ fún àwọn olùtọ́jú, Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti wá jù. Láti oṣù Kẹta ọdún 2024, wọn kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ wá mọ́. Ní oṣù Keje ọdún 2025, ìjọba ti ilẹ̀kùn náà fún àwọn tó wà lókè òkun. Agbanisíṣẹ́ tó gba olùtọ́jú ni físà rẹ̀ so mọ́. Bí iṣẹ́ náà bá bọ́, 60 ọjọ́ ni wọ́n sábà máa ń fún un láti rí ẹlòmíràn tó lè gbà á. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà ní ìkáwọ́ ọ̀gá, ibùgbé rẹ̀ náà sì wà níbẹ̀.

Ìwé kejì sì ti padà wá. Láti oṣù Kíní ọdún 2019, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní nursing associate, ẹ̀kọ́ ọdún méjì ni tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ti SEN. Ìyàtọ̀ kan wà tó ṣe pàtàkì: a lè ka ẹ̀kọ́ yìí mọ́ oyè nọ́ọ̀sì, kí ẹni náà má baà bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Àtẹ̀gùn tí ìran àwọn SEN wá tì wá di ohun tí a kọ́ mọ́ ilé láti ìbẹ̀rẹ̀.

Yorùbá ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Nínú èrò yìí, ojúṣe ọmọ ni ìtọ́jú àgbà, ó sì lè ṣòro láti kà á sí iṣẹ́ tó ní ẹ̀kọ́ àti ipò. Ìtàn yìí fi hàn pé ẹ̀kọ́ tó jinlẹ̀ wà nínú rẹ̀, àti pé kíkọ́ nìkan kò tó. Ẹnikẹ́ni tó bá ń wọn ìwé ẹ̀rí ìtọ́jú tuntun ní láti bi í ní nǹkan mẹ́ta: ṣé yóò bá olówó rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́ mìíràn, ṣé yóò bá a dé orílẹ̀-èdè mìíràn, ṣé yóò sì gbé e dé ìpele tó kàn? Àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tó kọ́ iṣẹ́ SEN ní ọdún 1961 ti lé ní 80 ọdún báyìí. Àwọn náà ti dé ọjọ́ orí ẹni tí a ń tọ́jú, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà lónìí kò sì tíì gba òmìnira.