Àtòjọ USSD

Àtòjọ USSD ni àwọn ìlà tó máa ń yọ lójú fóònù béèyàn bá tẹ kóòdù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìràwọ̀, bíi *737# ti GTBank. Kò nílò dátà, fóònù oníbọ́tìnnì lásán sì tó o. Ìdí nìyẹn tó fi wúlò fún àwọn ọlọ́jà ẹ̀bá títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní Mowé àti Ìbàfò, àti fáwọn ará Ifọ̀ lọ́nà Abẹ́òkúta.

Ibi tí iṣẹ́ ẹni tó ń ṣètò rẹ̀ ti le ni àyè. Lẹ́tà 182 péré ló lè wà lójú kan. Gbàrà tí wọ́n bá ti fi ẹ, ọ tàbí ṣ sí i, ó já wálẹ̀ sí 80, nítorí àwọn lẹ́tà wọ̀nyí kò sí nínú ètò lẹ́tà kúkúrú tí GSM ń lò. Ẹni tó bá fẹ́ kọ Yorùbá tó péye yóò gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an ni.

Àkókò pẹ̀lú jẹ́ owó: láti oṣù Kẹfà 2025 ni wọ́n ti ń yọ ₦6.98 fún ìṣẹ́jú méjì-méjì nínú owó ìpè oníbàárà. Nítorí náà, “Fi owó ránṣẹ́” ló yẹ kó wà ní nọ́ńbà kìíní, kí orúkọ ẹni tí owó ń lọ bá sì hàn kí wọ́n tó béèrè PIN. PIN yìí sábà máa ń hàn gbangba lójú fóònù. Àtẹ́lẹwọ́ làwọn ìyálọ́jà fi ń bò ó.