Ìsédò Oníyẹ̀pẹ̀ ti Odò Ọ̀yán àti Ọ̀ràn Omíyalé ní Ìsàlẹ̀ Odò Ògùn láti 1983

Ìfáárà

Bí ènìyàn bá dúró ní Sábó ní Yábàá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò ní pẹ́ kí ó tó rí mẹ́rúwà tó ń ti ọmọlanke tó kún fún kẹ́ẹ̀gì omi lọ. Bí òjò bá dé, ojú títì kan náà ni àgbàrá máa ń gbà. Gọ́tà yóò kún àkúnwọ́sílẹ̀, àwọn oníṣọ́ọ̀bù yóò sì máa gbọ́n omi síta. Àìtó omi àti àpọ̀jù omi ni ìṣòro méjì tí àwọn ará Èkó ti ń bá yí láti ọjọ́ pípẹ́. Ibi kan wà tí ìṣòro méjèèjì ti pàdé, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní Èkó. Ibẹ̀ ni ìsédò Ọ̀yán, ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Abẹ́òkúta ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Àpilẹ̀kọ yìí yẹ ìtàn ìsédò náà wò. Ìbéèrè tó dá lé ni èyí: irú ààbò wo ni ògiri yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n mọ nítorí omi mímu lè ṣe fún àwọn tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ odò, irú ewu wo ni ó sì lè jẹ́ fún wọn?

Ìdí tí Wọ́n fi Sé Odò Ọ̀yán

Láti ìgbà ìjọba amúnisìn ni Èkó ti ń wojú agbègbè Odò Ògùn fún omi. Ilé-iṣẹ́ omi Ìjù, tí wọ́n ṣí ní 1915, ni ó kọ́kọ́ ń fi páìpù pèsè omi fún ìlú. Nígbà tí àwọn odò kéékèèké tó wà nítòsí kò tó mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fa omi Odò Ògùn ní Akúté. Ilé-iṣẹ́ omi Adíyàn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1991, tí wọ́n ṣe láti máa pèsè mílíọ̀nù 70 gálọ́ọ̀nù lójúmọ́, Odò Ògùn náà ni ó gbójú lé. Ṣùgbọ́n odò yìí a máa fà gan-an ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àfi kí wọ́n tọ́jú omi òjò pamọ́ sí òkè odò, kí wọ́n sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí òjò mìíràn yóò fi dé.

Àjọ Ìdàgbàsókè Agbègbè Odò Ògùn àti Ọ̀ṣun ni iṣẹ́ yìí bọ́ sí lọ́wọ́. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àjọ 11 tí ìjọba ológun fi òfin gbé kalẹ̀ ní 1976, lẹ́yìn ọ̀dá ńlá tó kọlu ilẹ̀ Òkè Ọya ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ààrẹ Shehu Shagari ni ó ṣí ìsédò Ọ̀yán ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta, 1983. Ògiri rẹ̀ gùn ní mítà 1,044, ó sì ga ní nǹkan bí mítà 30. Adágún tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fẹ̀ tó hẹ́kítà 4,000, ó sì lè gba mílíọ̀nù 270 kúbíìkì mítà omi. Ilẹ̀ tí òjò rẹ̀ ń ṣàn wọ inú adágún náà fẹ̀ tó kìlómítà onígun mẹ́rin 9,000.

Omi fún Èkó àti Abẹ́òkúta ni ó gba iwájú nínú iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ mọ ògiri náà. Omi fún oko hẹ́kítà 3,000 ní ìsàlẹ̀ Odò Ògùn tẹ̀ lé e. Wọ́n tún kó ẹ̀rọ iná mànàmáná mẹ́ta síbẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè mú mẹ́gáwáàtì 3 jáde, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ẹ̀rọ náà fi wà níbẹ̀ láìtan iná kankan. Ìdènà omíyalé kọ́ ni olórí ìdí tí ìsédò yìí fi wà.

Àwọn abúlé kan wà tí adágún náà bò mọ́lẹ̀, wọ́n sì kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí ibùdó tuntun létí omi. Lẹ́yìn náà ni àwọn olùwádìí rí i pé àtọ̀sí ajá, àrùn tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ máa bá ìtọ̀ jáde, gbilẹ̀ láàárín àwọn ọmọdé ibẹ̀, nítorí pé ìgbín tó ń gbé kòkòrò àrùn náà fẹ́ràn omi tó dúró sójú kan. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n kọ́kọ́ san owó omi tí Èkó ń mu.

Bí Adágún Ṣe ń Dín Omíyalé Kù

Ẹni tó bá gbé agbada sábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀ yóò mọ bí ìsédò ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí agbada bá ṣófo, omi kò ní dé ilẹ̀. Bí ó bá ti kún tẹ́lẹ̀, bí omi ṣe ń wọ inú rẹ̀ náà ni yóò ṣe máa dà sílẹ̀. Àyè tó ṣófo nínú adágún ni ó ń dá omíyalé dúró, kì í ṣe gíga ògiri.

Níbí ni ìṣòro Ọ̀yán wà. Ẹni tó ń ro ti omi mímu fẹ́ kí adágún kún bámúbámú nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, kí ó lè tó ná ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó ń ro ti omíyalé fẹ́ kí àyè ṣì wà nínú rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá, nígbà tí òjò ń rọ̀ kíkankíkan. Ilẹ̀kùn irin mẹ́rin ni wọ́n fi ń tú omi àpọ̀jù sílẹ̀. Bí ẹni tó wà nídìí wọn bá tètè ṣí wọn, tí òjò sì dá, wọn yóò ní ó fi omi Èkó ṣòfò. Bí ó bá sì fi falẹ̀, omi púpọ̀ ni yóò ní láti tú lẹ́ẹ̀kan náà, kí omi má baà gba orí ògiri kọjá.

Ní oṣù Kẹwàá 2010, òjò pọ̀, wọ́n tú omi sílẹ̀ ní Ọ̀yán, omi sì bo Ajégúnlẹ̀ ní ọ̀nà Ìkòròdú (kì í ṣe Ajégúnlẹ̀ ti Àpápá), Òwódé Onírin, Ìṣẹrì àti agbègbè Agbóyì-Kétu. Ọkọ̀ ojú omi ni àwọn kan fi ń jáde nínú ilé wọn. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kó àwọn tí kò rí ibi sùn lọ sí ibùdó kan ní Àgbówà. Láti ìgbà náà, ìjiyàn kan náà ni ó máa ń padà wáyé bí òjò bá ti ń pọ̀. Àwọn ará ìsàlẹ̀ odò a ní Ọ̀yán ni ó pa àwọn lẹ́kún. Àjọ tó ń bójú tó ìsédò a ní bí kò bá sí ìsédò náà, ọ̀rọ̀ ì bá burú ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Òtítọ́ wà lẹ́nu ẹgbẹ́ méjèèjì. Ẹ̀ka Odò Ògùn kan ṣoṣo ni Ọ̀yán sé, kò sé Odò Ògùn fúnra rẹ̀. Omi tó ń bọ̀ láti òkè Odò Ògùn níhà Ìsẹ́yìn, níbi tí ìsédò Ìkèrè wà, kò gba inú adágún Ọ̀yán kọjá, bẹ́ẹ̀ ni òjò tó ń rọ̀ láàárín Abẹ́òkúta sí Èkó. Bí ọ̀sà bá tún kún, omi odò kò ní rí ibi ṣàn sí, yóò sì tẹ́ rẹrẹ sórí ilẹ̀ àbàtà tí àwọn onílẹ̀ ti gé ní púlọ́ọ̀tì tà fún àwọn tó ń wá ilẹ̀ olówó pọ́ọ́kú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́lé sórí ilẹ̀ tí kò kún fún ọdún mélòó kan nítorí pé adágún ń gba omi mọ́ra lókè kò lè mọ̀ pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni ààbò òun wà. Ìsédò náà gan-an wà lára ohun tó fi í lọ́kàn balẹ̀.

Ti Sábó yàtọ̀. Òjò ńlá tó rọ̀ ní Èkó ní ọjọ́ 10 oṣù Keje, 2011, tó gba ẹ̀mí àwọn ènìyàn, kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú Ọ̀yán. Gọ́tà tó dí àti ojú ọ̀nà omi tí wọ́n kọ́lé lé ni ó sọ ọ́ di ìjàǹbá.

Ògiri Yẹ̀pẹ̀ àti Ààbò Rẹ̀

Yẹ̀pẹ̀ kì í ṣe ohun èlò tí kò ní láárí. Oníyẹ̀pẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìsédò ayé. Bí wọ́n bá to amọ̀ ní ìpele-ìpele, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, tí wọ́n sì fi òkúta bo ojú rẹ̀ kí ìgbì má baà jẹ ẹ́, ó lè pẹ́ ju ẹni tó mọ ọ́n lọ. Ọ̀nà méjì ni omi sábà máa ń gbà borí rẹ̀. Bí omi bá gba orí ògiri kọjá, yóò máa gbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ títí yóò fi ya. Báyìí ni ìsédò South Fork ní Amẹ́ríkà ṣe ya ní 1889, tí ènìyàn 2,209 sì kú ní Johnstown àti agbègbè rẹ̀. Ọ̀nà kejì kì í pariwo: omi yóò máa jo gba inú ògiri, yóò máa kó yẹ̀pẹ̀ wẹ́wẹ́ jáde, ihò náà yóò sì máa fẹ̀ sí i. Ìsédò Teton ní Amẹ́ríkà kan náà bá irú èyí lọ ní 1976, kí adágún rẹ̀ tó kún rí.

Nàìjíríà náà ní tirẹ̀. Ìsédò Bagauda ní Kánò ya ní 1988. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ, 2011, nígbà tí omi ba Ìbàdàn jẹ́, tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó kú, ìsédò Ẹlẹ́yẹlé, tó ti wà láti 1942, wà lára ohun tó kó ìpayà bá àwọn onímọ̀. Wọ́n fi àtúnṣe rẹ̀ sínú iṣẹ́ àkànṣe tí Báńkì Àgbáyé yá ìjọba ní mílíọ̀nù 200 dọ́là fún. Èyí tó burú jù ni ti Alau nítòsí Maiduguri. Ìsédò oníyẹ̀pẹ̀ yìí ti ya rí ní 1994. Ní oṣù Kẹsàn-án 2024, ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn aláṣẹ ní kí àwọn ará ìlú fọkàn balẹ̀, ó tún ya, omi sì bo apá púpọ̀ nínú ìlú náà ní ọjọ́ 10 oṣù náà.

Ògiri Ọ̀yán kò tíì ya, ó sì ti lé ní 40 ọdún. Èyí kì í ṣe ẹ̀rí pé kò lè ya. Igi tó bá hù sára ògiri, ikán àti eku tó bá gbẹ́ ihò sínú rẹ̀, ilẹ̀kùn irin tó bá dógùn-ún tí kò ṣí lọ́jọ́ tí omi kún, gbogbo wọn ni ohun tí ojú ènìyàn lè rí bí ẹnì kan bá ń rìn lórí ògiri náà lóòrèkóòrè. Omi tó ń jo lẹ́sẹ̀ ògiri, bí ó bá mọ́ gaara tí kò sì ń pọ̀ sí i, kì í sábà kó ìdààmú báni. Èyí tó bá dà bí ẹrẹ̀ ti ń gbé ògiri náà lọ. Ìkìlọ̀ tí àjọ náà máa ń gbé jáde ní ìgbà òjò dá lórí omi tí wọ́n fẹ́ tú sílẹ̀. Ìròyìn nípa bí ògiri fúnra rẹ̀ ṣe rí kì í sábà dé etí àwọn ará Ajégúnlẹ̀ àti Ìṣẹrì, àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù.