Káún, natron, potasse: ìtàn orúkọ iyọ̀ òkúta kan

Lẹ́nu àwọn tó ń sọ Faransé ní Àjàṣẹ́, potasse ni wọ́n ń pe káún. Lẹ́nu àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní Nàìjíríà, potash ni. Orúkọ méjèèjì kò bá a mu. Sodium ló pọ̀ jù nínú káún, kì í ṣe potassium. Inú eérú igi ni àwọn ará Yúróòpù ti ń rí potasse gan-an: wọn a da omi sí eérú, wọn a sẹ́ ẹ, wọn a sì se omi náà nínú ìkòkò títí yóò fi gbẹ. “Eérú ìkòkò” ni orúkọ náà túmọ̀ sí ní èdè àwọn ará Holland.

Natron ló yẹ káún ní Faransé, ọ̀rọ̀ yìí náà sì ti rin ọ̀nà jíjìn. Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́, tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú kó má bàa jẹrà, pè é ní ntrj. Àwọn Gíríìkì gbà á ní nitron, àwọn Lárúbáwá ní naṭrūn. Nígbà tí nitrum ti Látìn yí padà di orúkọ iyọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀tù ìbọn, Yúróòpù tún lọ yá ọ̀rọ̀ kan náà lọ́wọ́ Lárúbáwá. Ẹnu ọ̀nà méjì ló wá gbà wọlé: ti àkọ́kọ́ bí nitrogène, tí Chaptal dá ní 1790, ìkejì bí natrium, tí Na jẹ́ àmì rẹ̀. (Àwa tí wọ́n fi azote kọ́ nílé ìwé kì í tètè rí ìbátan yìí.)

Káún kò bá wọn tan. Kanwa ni Hausa ń pè é. Agbègbè Adágún Chad ni wọ́n ti ń wà á. Ní ọ̀rúndún 19, àwọn oníṣòwò Hausa tó ń gba Borgu lọ ra obì ní Gónjà a máa gbé e dání pẹ̀lú aṣọ. Ìgbò fi a- ṣáájú rẹ̀, ó di akanwu. Ẹ ó gbọ́ irú rẹ̀ náà ní àwọn ọjà gúúsù Bẹ̀nẹ̀. Yorùbá kò fi fáwẹ̀lì kankan ṣáájú, bẹ́ẹ̀ fáwẹ̀lì ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ wa: àmì àlejò nìyẹn. Ní tèmi, kánún ló dàgbà ju káún lọ, nítorí pé ó ṣì di n ti àárín kanwa mú.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí à ń ṣe ìwé atúmọ̀-èdè gidigidi. Nọ́ọ̀sì tó bá ka potasse kò ní fura pé sodium ni ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru ń jẹ nínú ẹ̀wà tí wọ́n fi káún sè.